Colin Chapman, ọkùnrin tó ní kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ to mọ́tò

Láti Ìkòròdú títí wọ Ìbẹ̀ṣẹ̀, kò ṣòro láti rí mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lábẹ́ igi, tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń fi epo fọ nọ́ọ̀tì nínú abọ́. Ohun tí èèyàn kì í sábà rí ni kí ẹni tó ni mọ́tò fúnra rẹ̀ tò ó láti orí irin ìsàlẹ̀ dé orí táyà, kó tó jókòó sínú rẹ̀ wà á lọ. Ohun tí òyìnbó kan, Colin Chapman, fi dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ó ti kú láti ọdún 1982, àmọ́ àwọn mọ́tò asáré tó ṣe ṣì ń rìn lójú títì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n ló sì ń fọwọ́ ara wọn tún wọn ṣe.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 1928 ni wọ́n bí i ní Richmond, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Anthony Colin Bruce Chapman lorúkọ rẹ̀ ní kíkún. Stanley, bàbá rẹ̀, ló ń bójú tó ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Railway Hotel, ní Hornsey. Kí ẹ fi ilé ọtí yìí sọ́kàn, nítorí ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Nígbà tó wà ní University College ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣètò irin tó ń gbé ilé àti afárá dúró, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ra mọ́tò àlòkù, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tà á. Òwò tòkunbọ̀ gan-an ni, bó ṣe wà l'Ékòó níbí. Ogun Hitler kò tíì pẹ́ tó parí, mọ́tò tuntun wọ́n bí ojú, ọjà sì ń yá. Àfi bó ṣe di apá ìparí ọdún 1947 tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé ìwọ̀nba epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pín fún àwọn tó ń wa mọ́tò fún fàájì ara wọn. Ta ni yóò wá ra mọ́tò tí kò ní rí epo rọ sí? Ọjà kú mọ́ Chapman lọ́wọ́. Ó fi àdánù tà wọ́n dànù, ó wá ku Austin Seven kan ṣoṣo.

Mọ́tò tí kò tà yìí ló sọ ọ́ di èèyàn. Ó gbé e lọ sínú ilé ìgbọ́kọ̀sí kékeré kan lẹ́yìn ilé àwọn òbí Hazel Williams, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀. Ó bọ́ ara mọ́tò náà kúrò, ó sì fi pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ alumíníọ́ọ̀mù mọ́ kan òmíràn sí i. Ní ọdún 1948 ló parí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Lotus.

Ẹ̀kọ́ afárá tó kọ́ ló ń lò. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì bí mọ́tò bá ti fúyẹ́, nítorí ohun tó fúyẹ́ ń sáré, ó ń tètè dúró, ó sì ń yí kọ́nà láìfì. Irin tí kò bá ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kó kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 1951, ó gbé mọ́tò kẹta tó ṣe lọ síbi ìdíje àwọn tó ń fi Austin Seven sáré. Sílíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì náà ní, àmọ́ ojú ihò méjì péré ni epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí méjì-méjì ń pín lò. Chapman dá ihò kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí sílíńdà kọ̀ọ̀kan lè máa mí tirẹ̀. Bó ṣe di pé kò sẹ́ni tó rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Àfi kí ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje náà yí òfin padà nítorí ẹnì kan ṣoṣo.

Oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1952 ló dá ilé iṣẹ́ Lotus sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, Michael Allen. Hazel ló yá a lówó. Ilé tí wọ́n ń so ẹṣin sí tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ọtí bàbá rẹ̀ ló sọ di ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ilé iṣẹ́ British Aluminium. Tó bá dalẹ́, iṣẹ́ mọ́tò bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1955 ló tó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tó ti fi Hazel ṣaya lọ́dún 1954.

Ibi tí ọgbọ́n ọkùnrin yìí ti hàn jù nìyí o. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí gọbọi lórí mọ́tò tuntun tó bá pé, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á lórí mọ́tò tó ṣì wà ní ẹyọ-ẹyọ. Chapman bá ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Nígbà tó gbé Lotus Seven jáde lọ́dún 1957, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tò ó fún òun yóò san nǹkan bíi 1,036 pọ́n-ùn, ẹni tó bá sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó yóò san nǹkan bíi 536. Mọ́tò oníjòkòó méjì ni, kò lórùlé gidi, kò sì wúwo tó Volkswagen ìjàpá rárá. Tíṣà àti akọ̀wé ilé iṣẹ́ tí kò lálàá àtira mọ́tò asáré rí lè rà á, kí wọ́n pe ọ̀rẹ́ méjì jọ, kí wọ́n máa dì í ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ ni pé òfin owó orí kò gbà kí wọ́n fi ìwé bí wọ́n ṣe ń to mọ́tò kún ẹrù náà. Chapman wá fi ìwé bí wọ́n ṣe ń tú u síbẹ̀, kí oníbàárà máa kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ìjẹ̀bú kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹfààní tó wà nínú rẹ̀ ju ti owó lọ. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ di gbogbo nọ́ọ̀tì inú mọ́tò kò ní dúró de mẹkáníìkì tí ó bá gbọ́ ariwo tí kò yé e. Àwọn tó ní Seven mọ̀ pé bí mọ́tò bá ti sáré fún ìgbà díẹ̀, sípánà gbọ́dọ̀ yí gbogbo rẹ̀ ká, nítorí mọ́tò tó fúyẹ́ ń gbọ̀n, gbígbọ̀n sì ń tú nọ́ọ̀tì. Wọ́n tún ń wo ibi tí páànù alumíníọ́ọ̀mù ti fara kan irin abẹ́ rẹ̀. Bí omi bá sá pa mọ́ síbẹ̀, méjèèjì yóò máa jẹ ara wọn. Ẹni tó ń gbé létí ọ̀sà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ kò nílò olùkọ́ lórí ohun tí ìpàrà ń ṣe.

Elan, tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1962, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, èyí tí kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n irin kan ṣoṣo tó gba àárín rẹ̀ kọjá bí eegun ẹ̀yìn ẹja ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró, ìyẹn sì ń dógùn-ún. Iná iwájú rẹ̀ ń yọ sókè bí ojú akàn, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló sì ń gbé e. Inú irin iwájú yẹn kan náà ni wọ́n fi agbára afẹ́fẹ́ náà pa mọ́ sí, nítorí náà bí irin bá jò, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé wálẹ̀. Àwọn òyìnbó tiẹ̀ ti fi lẹ́tà orúkọ Lotus ṣe àpárá, wọ́n ní wàhálà rẹpẹtẹ ló túmọ̀ sí.

Lórí pápá ìje, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá. Mọ́tò Chapman gba ife-ẹ̀yẹ àwọn tó ń ṣe mọ́tò Formula One nígbà méje kó tó kú. Jim Clark, ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi wọ́n di ọ̀gá àgbáyé lọ́dún 1963 àti 1965, ọdún 1965 yẹn náà ló sì borí ní Indianapolis l'Ámẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n ń dín kù láti jẹ́ kí mọ́tò fúyẹ́ náà ni irin tó ń dáàbò bo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1960 ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, irin ìdarí kán mọ́ awakọ̀ Mike Taylor lọ́wọ́. Ó fara pa gidigidi, ó pe Lotus lẹ́jọ́, ó sì jàre. Clark kú sínú Lotus ní Jámánì lóṣù Kẹrin, ọdún 1968. Lọ́dún 1969, ìyẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò méjèèjì tí wọ́n gbé lọ sí Sípéènì já lójú eré, Jochen Rindt tó wà nínú ọ̀kan sì kọ lẹ́tà sí Chapman pé kí ó fi irin díẹ̀ kún un kí ọkàn òun lè balẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1970, irin tó ń bá bíréèkì iwájú ṣiṣẹ́ kán nínú mọ́tò Rindt ní Monza, mọ́tò sì lọ kọlu irin ẹ̀gbẹ́ pápá. Ó ti kú kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ní ọ̀gá àgbáyé ọdún náà. Kò ṣeé gbà pé Chapman kò mọ ewu tó wà nínú bó ṣe ń ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n, ó kàn fẹ́ borí ni.

Ìparí ayé rẹ̀ kò mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1978 ni DeLorean, ilé iṣẹ́ mọ́tò tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń náwó sí ní Northern Ireland, gbé iṣẹ́ fún Lotus. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ààbọ̀ dọ́là gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ nínú owó náà. Chapman kò dúró gbọ́ ẹjọ́. Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1982, àìsàn ọkàn pa á lójijì nílé rẹ̀ ní Norfolk, lẹ́ni ọdún 54. Lọ́dún 1992, ilé ẹjọ́ ní Belfast rán Fred Bushell, tó ń bójú tó owó Lotus, lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, adájọ́ sì sọ gbangba pé ká ní Chapman wà láàyè ni, kò bá ṣe ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán.

Nígbà tí VAT rọ́pò owó orí àtijọ́ lọ́dún 1973, àǹfààní mọ́tò ẹlẹ́yọ-ẹyọ dópin. Lotus jáwọ́ nínú Seven, ilé iṣẹ́ Caterham sì gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn ló ṣì ń ṣe é. Ẹni tó bá rà á láìtíì tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò tò ó fúnra rẹ̀ nílé, lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìjọba kí wọ́n tó fún un ní nọ́mbà.