Bessie Coleman: Obìnrin tí Ó Fi Ojú Òfuurufú Dárà

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1921, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fi ìwé àṣẹ awakọ̀ òfuurufú lé ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan láti Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Kò sí obìnrin adúláwọ̀ ilẹ̀ náà kankan tí ó ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bessie Coleman ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún àjọ̀dún yìí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé wa ní Ìkòyí mọ ìtàn rẹ̀, nítorí ọ̀nà gbọọrọ tí ó rìn kí ó tó dé ibẹ̀, àti nítorí ẹ̀kọ́ tí ikú rẹ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó kù lẹ́yìn.

A bí Bessie ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1892 ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọ̀kan nínú ọmọ 13 tí George àti Susan Coleman bí ni. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń dáko, wọn a sì pín irè oko pẹ̀lú ẹni tí ó ni ín. Bessie kò tíì dàgbà nígbà tí wọ́n ṣí lọ sí Waxahachie, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ní ọdún 1901, bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, gbogbo ẹrù sì já lé ìyá lórí. Máìlì mẹ́rin ni ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ rìn kí ó tó dé ilé-ìwé oníyàrá kan ṣoṣo tí ó wà fún àwọn ọmọ adúláwọ̀. Bí òwú bá sì ti là, ẹ̀kọ́ dúró nìyẹn. Tọmọdé tàgbà a gba oko òwú lọ. Àwọn àgbà wa tí wọ́n fi owó kọfí àti kòkó rán ọmọ níwèé ní Ìjùmú àti Kàbà yóò mọ irú ayé tí à ń wí yìí. Síbẹ̀, ọmọ náà mú ìṣirò bí ẹni mu omi, ó sì fẹ́ràn ìwé kíkà.

Owó tí ó rí nídìí aṣọ fífọ̀ fún àwọn ènìyàn ni ó tù jọ tí ó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Langston, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní ọdún 1910. Sáà kan péré ni owó náà gbé e dé, ó sì padà sílé. Ní ọdún 1915, ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Chicago, ó sì rí iṣẹ́ títún èékánná ṣe ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ń jẹ́ John ti ogun àgbáyé kìíní dé láti ilẹ̀ Faransé. Ó máa ń fi àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wa ọkọ̀ òfuurufú, èyí tí àwọn obìnrin tiwọn kò lè ṣe láé. Ẹ̀fẹ̀ náà wọ Bessie lára. Ó kọ̀wé sí àwọn tí ń kọ́ ènìyàn ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tí ó gbà á, nítorí pé ó jẹ́ adúláwọ̀, tí ó sì tún jẹ́ obìnrin. Robert Abbott, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kọ́ èdè Faransé, kí ó sì lọ sí ọ̀hún. Ó kọ́ èdè náà, ó tọ́jú owó, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kọkànlá ọdún 1920.

Ilé-ìwé tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Caudron dá sílẹ̀ ní Le Crotoy, nítòsí etí òkun, ni ó wọ̀. Igi, aṣọ àti wáyà ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ tí ó fi kọ́ṣẹ́. Kí ó tó wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ní láti yẹ ara rẹ̀ wò láti imú dé ìdí, nítorí wáyà kan tí ó bá dẹ̀ tó láti pa ènìyàn. Ó fojú ara rẹ̀ rí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ já mọ́, tí ó sì kú. Ìpayà bá a, ṣùgbọ́n kò padà sílé. Oṣù méje ni ó lò níbẹ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń dorí ọkọ̀ kodò, bí a ṣe ń fi í yí ká bí òrùka, àti bí a ṣe ń yí òkòtó.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé yíyí òkòtó yìí, nítorí ọ̀pọ̀ akọni ni ó ti pa ní ìgbà náà. Atẹ́gùn tí ń kọjá lára apá ọkọ̀ ni ó ń gbé e dúró lókè. Bí awakọ̀ bá gbé imú ọkọ̀ sókè jù, apá náà kò ní lè gbá atẹ́gùn mú mọ́, ọkọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí apá kan bá wá já ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò kọrí sísàlẹ̀, yóò sì máa pòyì bí òkòtó tí ọmọdé ta sílẹ̀. Ohun tí ọkàn ń sọ fún awakọ̀ nígbà náà ni pé kí ó fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra kí imú ọkọ̀ lè gòkè. Bí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, òyì náà kò ní dá. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó dín agbára ẹ́ńjìnì kù pátápátá, kí ó má ṣe gbé ọ̀pá ìdarí sí ọ̀tún tàbí òsì, kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìtọ́kọ̀ ìdí ọkọ̀ dé òpin sí òdìkejì ibi tí ọkọ̀ ń yí sí, kí ó sì ti ọ̀pá ìdarí síwájú. Bí òyì bá ti dá, kí ó dá ẹsẹ̀ padà sí àárín, kí ó sì rọra fa imú ọkọ̀ sókè.

Ẹ̀mí ènìyàn ni a fi ra ìmọ̀ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1912, Wilfred Parke, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ nínú òyì náà nígbà tí ó tẹ ìtọ́kọ̀ sí òdìkejì, lẹ́yìn tí gbogbo ọgbọ́n mìíràn ti já a kulẹ̀. Ní ọdún 1917, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí ń jẹ́ Frederick Lindemann mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ yí òkòtó ní Farnborough láti wọn bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Bessie dé Le Crotoy, ohun tí ó ti jẹ́ ikú ti di ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ẹ̀kọ́ náà gbára lé: kí ọkọ̀ wà lókè tó láti rí àyè bọ́, kí ohun ìdarí rẹ̀ sì máa jẹ́ ìpè.

Bessie padà sí Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1921. Nígbà tí ó rí i pé òun ní láti máa dárà kí òun tó lè jẹun nídìí iṣẹ́ náà, ó tún lọ sí Yúróòpù lọ kọ́ sí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, ó fara han àwọn èrò ìwòran fún ìgbà àkọ́kọ́ nítòsí New York. Òkìkí rẹ̀ kàn. Síbẹ̀, kò ta iyì rẹ̀ fún owó. Wọ́n fẹ́ kí ó ṣeré nínú sinimá; nígbà tí ó gbọ́ pé àkísà ni òun yóò wọ̀ bí òpè, ó kọ̀ ọ́. Ní Waxahachie, níbi tí ó ti dàgbà, wọ́n fẹ́ kí aláwọ̀ funfun gba ẹnu ọ̀nà kan, kí adúláwọ̀ gba òmíràn. Bessie ní òun kò ní fò, àfi bí gbogbo wọn bá gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé. Wọ́n gbà fún un.

Ní oṣù kejì ọdún 1923, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀ kú lókè ní California, ọkọ̀ sì já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àti egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó tún padà sídìí iṣẹ́. Ohun tí ó ń lé ni owó tí yóò fi dá ilé-ìwé sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ adúláwọ̀ yóò ti máa kọ́ ọkọ̀ òfuurufú láìsọdá òkun.

Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 1926, ó wà ní Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Florida. Mẹkáníìkì rẹ̀, William Wills, ọmọ ọdún 24, ni ó wa ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá láti Texas. Ọkọ̀ àlòkù ni, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ó sì yọnu lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, àwọn méjèèjì gòkè láti wo pápá tí Bessie yóò ti fi agboòrùn bọ́ sílẹ̀ láti ojú sánmà ní ọjọ́ kejì. Wills ń wakọ̀. Bessie jókòó sẹ́yìn, kò sì di ìgbànú ìjókòó, kí ó lè yọjú wo ilẹ̀ dáadáa. Ní bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, ọkọ̀ ṣàdédé kọrí sísàlẹ̀, ó pòyì, ó sì dojú dé. Bessie já bọ́, ó sì kú. Wills kò rí ọkọ̀ náà gbà padà. Òun náà bá a lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ àfọ́kù ọkọ̀ wò, wọ́n rí sípánà kan tí ó há sínú irin ohun ìdarí.

Gíga wà fún wọn láti bọ́, ọgbọ́n ìbọ́ sì wà lórí Bessie. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kí ni ó lè ran ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ ti há lọ́wọ́? Ohun tí ó pa ènìyàn méjì kò ju irin kékeré kan lọ tí ó wà ní ibi tí kò yẹ kí ó wà, àti ìgbànú tí a kò dì. Lónìí, kí awakọ̀ tó lọ dárà, ó ní láti tú àpò ara rẹ̀ wò, kí ó yẹ abẹ́ ìjókòó wò, kí ohun tí ó lè yí gbirigbiri má ṣe ṣẹ́kù síbẹ̀. Yóò di ìgbànú mọ́ra pinpin. Òfin Amẹ́ríkà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dárà ní ibi tí ó rẹlẹ̀ ju 1,500 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sìnkú Bessie, ẹni ọdún 34, ní Chicago. Ní ọdún 1929, William Powell dá ẹgbẹ́ awakọ̀ òfuurufú kan sílẹ̀ ní Los Angeles, ó sì fi orúkọ Bessie pè é. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ adúláwọ̀ ti rí ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ fún wọn. Láti ọdún 1931 ni àwọn awakọ̀ adúláwọ̀ ti ń fò kọjá lórí ibojì rẹ̀ láti ju òdòdó sí i.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2019, Tolulope Arotile, ọmọ Iffe ní Ìjùmú wa yìí, di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò wa hẹlikọ́pítà ìjà ní Nàìjíríà. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tí ó kú ní Kàdúná ní oṣù keje ọdún 2020. Mọ́tò ni ó gbá a lórí ilẹ̀. Kì í ṣe ojú òfuurufú tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ni ó ti kú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bóyá ẹnìkan wà nínú yín tí yóò gba Zaria lọ, sí ilé-ẹ̀kọ́ òfuurufú tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1964. Ẹ ní ìgboyà Bessie, kí ẹ má sì ṣe fojú kékeré wo sípánà. Kí Ọlọ́run tí ó fún yín ní ẹ̀bùn tún fún yín ní ìfarabalẹ̀ láti ṣọ́ ọ.