Zamenhof: Oníṣègùn Ojú Tó Fẹ́ Kí Aráyé Gbọ́ Ara Wọn Yé

Ní Ìdóàní, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, àwọn ará àdúgbò Ìyayù ní èdè tiwọn tó bá èdè Ẹ̀dó tan, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni àwọn aládùúgbò wọn ń sọ. Bí ará Ọ̀wọ̀ náà bá fi ẹ̀ka èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀, ará Ọ̀yọ́ ní láti tẹ́tí dáadáa. Yorùbá tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé ló so wọ́n pọ̀. Irú ìlú elédè púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Ludwik Zamenhof sí, àmọ́ níbẹ̀, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀.

Ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 1859 ni wọ́n bí i ní Białystok, tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà, tó sì wà ní Poland lónìí. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Olùkọ́ èdè ni baba rẹ̀. Júù, ará Poland, ará Rọ́ṣíà àti ará Jámánì jọ ń ná ọjà kan náà, wọ́n sì ń fi ojú ọ̀tá wo ara wọn. Láti kékeré ni Zamenhof ti gbà pé àìgbọ́ èdè ara wọn wà lára ohun tó fa ìkórìíra náà.

Ó rò ó pé bí a bá ní kí gbogbo ènìyàn kọ́ èdè ẹ̀yà kan, a ti fi ẹ̀yà náà jọ̀gá lórí àwọn yòókù nìyẹn. Èdè tí kì í ṣe ti ilé ẹnikẹ́ni ló ń wá. Kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èdè ìyá rẹ̀. Èdè kejì ni yóò jẹ́ fún tẹrú-tọmọ. Ní 1878, nígbà tó ṣì wà ní ilé ìwé girama ní Warsaw, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ èyí tó kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ló kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, tó di oníṣègùn ojú. Baba Klara, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló gbé owó kalẹ̀ tí ìwé àkọ́kọ́ fi jáde ní oṣù Keje, ọdún 1887. Orúkọ tó fi kọ ọ́ ni Esperanto, ìyẹn ẹni tó ń retí. Òfin gírámà 16 péré ni ó ní, Zamenhof kò sì pe èdè náà ní ohun ìní tirẹ̀.

Ká sòótọ́, ilẹ̀ Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Ọmọ Ìyayù yóò ṣe làálàá ju ọmọ Faransé lọ kó tó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, làálàá yẹn kò tó ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́.

Ní 1905, ènìyàn 688 péjọ sí Boulogne-sur-Mer ní France fún àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní èdè tí àwọn àgbàlagbà díẹ̀ fi ń najú? Àfi bí àwọn ọmọdé bá ń kọ́ ọ ní ilé ìwé ìjọba. Zamenhof kò rí ìyẹn. Ó kú ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 1917, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń fi ìbọn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 1922, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ France pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ lo yàrá ìkàwé ilé ìwé ìjọba fún ẹ̀kọ́ Esperanto. Ẹ̀rù ń bà á nítorí èdè Faransé.

Ní Lomé, olú-ìlú Togo, níbi tí Faransé ti di èdè ilé ìwé, àwọn kan dá ilé ìwé kan sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ Zamenhof pè é, wọ́n sì fi Esperanto kún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀.