Jimi Hendrix: Ikú mú un lọ, téèpù kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ parẹ́

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti mọ bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, ẹyin náà ti rí apẹ̀rẹ̀ tí a lè gbé e sí. Ọwọ́ tí yóò gbé apẹ̀rẹ̀ náà ló kù. Bí ọwọ́ bá mọ̀ ọ́n gbé, ohùn òkú yóò máa dún létí alààyè. Bí kò bá mọ̀ ọ́n gbé, olóhùn á kú lẹ́ẹ̀kejì. Ìtàn Jimi Hendrix, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó sọ gìtá di ohun mìíràn nínú orin rock, fi èyí hàn kedere.

Ọjọ́ 27, oṣù kọkànlá, ọdún 1942 ni wọ́n bí i nílùú Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington. Ọmọ ọdún 17 péré ni Lucille, ìyá rẹ̀. Al, bàbá rẹ̀, sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Johnny Allen ni ìyá sọ ọmọ, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ti ẹnu iṣẹ́ dé, ó pa orúkọ náà dà sí James Marshall lọ́dún 1946. Ilé náà kò tòrò. Àìrówó àti ọtí ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya náà, títí tí wọ́n fi kọ ara wọn sílẹ̀ lọ́dún 1951. Nígbà tó di ọdún 1958, Lucille jáde láyé.

Nínú ìṣẹ́ yìí ni ìfẹ́ gìtá ti wọ ọmọ náà lára. Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé sọ́wọ́ bíi gìtá. Lẹ́yìn náà, níbi tó ti ń bá bàbá rẹ̀ palẹ̀ pàǹtí mọ́ nílé onílé, ó rí ukulele kan, ìyẹn ohun èlò kékeré tó jọ gìtá, okùn kan ṣoṣo ló sì kù lára rẹ̀. Okùn kan yìí ló fi ń wá ohùn orin tó bá gbọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1958 ló tó ní gìtá gidi, dọ́là 5 ni wọ́n rà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ ra èyí tó ń lo iná mànàmáná fún un.

Ọwọ́ òsì ni Jimi ń lò. Gẹ́gẹ́ bí Leon, àbúrò rẹ̀, ti ṣàlàyé, bàbá wọn gbà pé iṣẹ́ Sàtánì ni kí èèyàn máa fi òsì ta gìtá. Bí bàbá bá wọlé, ọmọ á yí i sí ọ̀tún; bí bàbá bá jáde, á dá a padà sí òsì. Títí tó fi kú, gìtá àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń lò: yóò dorí rẹ̀ kodò, yóò tún okùn rẹ̀ tò, yóò sì máa ta á lọ.

Nígbà tí ọlọ́pàá mú un nínú ọkọ̀ tí wọ́n jí, wọ́n ní kó yan ọ̀kan nínú ẹ̀wọ̀n àti iṣẹ́ sójà. Sójà ló yàn, lóṣù karùn-ún, ọdún 1961. Wọ́n gbé e lọ sí Fort Campbell, ní Kentucky, sáàárín àwọn ológun tó ń fò bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú. Níbẹ̀ ló ti pàdé Billy Cox, onígìtá báàsì tó wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́. Iṣẹ́ sójà kò bá a lára mu, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lọ́dún 1962. Láti ìgbà náà ló ti ń ta gìtá lẹ́yìn àwọn olórin mìíràn, títí kan Isley Brothers àti Little Richard. Ẹ̀yìn ló ń dúró sí, owó kò sì tó nǹkan.

Ọdún 1965 ló ṣe àṣìṣe kan tó bá a dé òpin. Ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọlọ́dún mẹ́ta pẹ̀lú oníṣòwò orin kan ní New York. Dọ́là 1 ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ìlérí pé ìdá 1 nínú 100 owó àwo orin ni yóò jẹ́ tirẹ̀. Jimi gbàgbé ìwé náà. Ìwé náà kò gbàgbé rẹ̀.

Lọ́dún 1966, Chas Chandler, ọmọ ẹgbẹ́ olórin The Animals, rí i níbi tó ti ń ṣeré ní Cafe Wha?, ní New York. Ó mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ọdún náà. Wọ́n wá Noel Redding tó ń ta báàsì àti Mitch Mitchell tó ń lùlù, ẹgbẹ́ The Jimi Hendrix Experience sì dá sílẹ̀. Nígbà tí àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, Are You Experienced, jáde lóṣù karùn-ún, ọdún 1967, ó gòkè dé ipò kejì ní Ìlú Ọba. Sgt. Pepper ti àwọn Beatles ni kò jẹ́ kó gba ipò kìn-ín-ní.

Kí òǹkàwé lóye ohun tó tẹ̀ lé e, ó yẹ kó mọ ohun tí téèpù jẹ́ fún ọkùnrin yìí. Jimi kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àmì orin sórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n kà. Téèpù ni ìwé rẹ̀. Ọ̀já oníke tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin kùn ni. Ẹ̀rọ á fi agbára òòfà kọ ohùn sára ìyẹ̀fun náà. Ojú ọ̀nà 4 péré ló wà lórí téèpù tí wọ́n ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kún, Eddie Kramer tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní sitúdíò Olympic á pa wọ́n pọ̀ sójú ọ̀nà 2 lórí ẹ̀rọ mìíràn, kí àyè lè ṣí sílẹ̀ fún ohùn tuntun. Nígbà mìíràn, wọ́n á da téèpù délẹ̀ kí gìtá lè máa ké láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ariwo tí àwọn ẹlòmíràn ń sá fún ni Jimi ń wá. Nígbà tí wọ́n fi téèpù Purple Haze ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ní láti kọ ìkìlọ̀ mọ́ ọn pé ohùn tó fọ́ náà kì í ṣe àṣìṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún un ṣe.

Àfi bí téèpù ṣe sọnù. Lọ́dún 1967 kan náà, nígbà tí wọ́n parí àwo kejì, Axis: Bold as Love, Jimi gbé téèpù ojú kìn-ín-ní jáde, ó sì gbàgbé rẹ̀ sínú takisí ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò rí i mọ́ títí dòní. Àtòpọ̀ tí wọ́n ti ṣe parí ló bá takisí lọ. Téèpù tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ṣì wà nílé. Jimi, Chandler àti Kramer jókòó di òru, wọ́n tún púpọ̀ nínú rẹ̀ tò láàárín alẹ́ kan. Orin kan, If 6 Was 9, kọ̀ jálẹ̀: bí wọ́n ti ṣe é tó, kò dà bíi ti àkọ́kọ́. Noel Redding ló ní ẹ̀dà rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n téèpù náà ti rún. Áyọ́ọ̀nù tí à ń fi lọ aṣọ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ kó tó ṣe é lò. Ohun tí àwọn tó ní àwo náà ń gbọ́ di òní olónìí nìyẹn.

Àwo alápá méjì, Electric Ladyland, jáde lọ́dún 1968, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Ìwé ọdún 1965 náà sì yọjú. Ẹjọ́ dé, ohun tí wọ́n sì fi parí rẹ̀ ni pé àwo kan gbọ́dọ̀ di ti ilé-iṣẹ́ Capitol. Band of Gypsys, tí Jimi, Billy Cox àti Buddy Miles ṣe lójú agbo ní Fillmore East, New York, nígbà tí ọdún 1969 ń lọ tí 1970 ń bọ̀, ni wọ́n fi san gbèsè náà.

Kó má bàa tún máa háyà sitúdíò onísitúdíò, Jimi kọ́ tirẹ̀. Electric Lady ni orúkọ rẹ̀, ní Greenwich Village, New York. Ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 1970 ni wọ́n ṣí i. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, Jimi kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Oògùn oorun tó lò ju bó ṣe yẹ lọ ló mú kó bì, èébì sì dí i léèémí. Ọmọ ọdún 27 ni. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Renton, nítòsí Seattle.

Kò ṣe ìwé ìhágún. Ohun tó fi sílẹ̀ ni téèpù rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì parí. Kramer àti Mitch Mitchell, tí wọ́n mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, fi díẹ̀ ṣe The Cry of Love lọ́dún 1971. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1975, Crash Landing jáde láti ọwọ́ Alan Douglas. Ó yọ àwọn tó bá Jimi ṣeré kúrò lórí téèpù, ó sì háyà àwọn mìíràn láti fi tiwọn dípò, lẹ́yìn tí Jimi ti kú. Ó tún kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣe díẹ̀ nínú orin náà. Àwo náà tà dáadáa. Síbẹ̀, àwọn tó mọ Jimi mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹnu òkú sọ ohun tí òkú kò sọ.

Al, bàbá tó bá ọmọ wí nítorí ọwọ́ òsì, ló gba iṣẹ́ ọwọ́ òsì náà padà. Lẹ́yìn ẹjọ́, ó rí ẹ̀tọ́ orin ọmọ rẹ̀ gbà lọ́dún 1995. Wọ́n pe Kramer padà, wọ́n sì wá téèpù àkọ́kọ́ gan-an rí. Lọ́dún 1997, àwọn àwo náà tún jáde láti ara rẹ̀. Al náà kú lọ́dún 2002.

Ìdí nìyí tí àwọn olùfẹ́ orin rock fi ń wá àwo àtijọ́ kiri. Mono nìkan ni Are You Experienced fi jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 1967, orin inú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ ń gbọ́ ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ lọ́dún náà. Ẹ̀dà tí a dà kọ láti ara ẹ̀dà téèpù dà bí ẹ̀kọ tí a ń lú omi sí: bó ṣe ń pọ̀ sí i ló ń dẹ̀ sí i. Àwo fúnra rẹ̀ ní èèwọ̀ tirẹ̀. A kì í fọwọ́ kan ojú rẹ̀, etí rẹ̀ là ń dì mú. A kì í tò ó lé ara wọn, òòró là ń gbé e dúró. A kì í sún un mọ́ oòrùn, a kì í sì í fi abẹ́rẹ́ tó ti jẹ sí i, nítorí ojú ọ̀nà ohùn ni yóò máa họ.

Ọdún mẹ́rin péré ni Jimi Hendrix fi jẹ́ gbajúmọ̀. Áyọ́ọ̀nù, òru àìsùn, ẹjọ́ bàbá arúgbó kan àti sùúrù àwọn tó ń nu eruku kúrò lójú àwo ni kò jẹ́ kí ẹyin náà fọ́.