Ọkùnrin inú fọ́tò yẹn: Kápútẹ́nì Davies àti oko kòkó tó dá sí tòsí wa

Bí ẹ bá gba fóònù mi lọ́wọ́ mi lónìí, fọ́tò igi lẹ máa rí jù níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń rìnrìn àjò lọ ya ara wọn ní fọ́tò, èmi ń lọ ya ewé. Mi ò bá wọn jiyàn. Sango-Ọ̀tà ni mò ń gbé, ẹni tó bá sì mọ Sango mọ ohun tí mò ń sọ: tírélà, eruku, èéfín ilé iṣẹ́, hóònù lábẹ́ bíríìjì láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń gbé irú ibẹ̀ yẹn, tó bá dé ibi tí igi pọ̀ sí, á kọ́kọ́ dúró mí kanlẹ̀ ná. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìlú tí mo bá dé, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni ọgbà ewéko wọn.

Mo ti ya èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo ti ya Kew ní London, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1759, tí ilé onídígí ńlá wà nínú ẹ̀ fún àwọn igi ilẹ̀ gbígbóná. Mo sì ti ya Aburi ní Ghana, ọgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ lórí òkè ní 1890. Ìlú Aburi yìí náà ni Gowon àti Ojúkwu ti lọ pàdé ní January 1967, kí ogun tó bẹ́.

Ní Aburi yẹn ni ojú ti tì mí.

Mo ń ya igi kòkó kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí igi kòkó rí, ẹ fọkàn bá mi lọ: ara igi gan-an ni èso rẹ̀ ń so sí, kì í ṣe orí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọsàn. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun, ó lẹ̀ mọ́ èèpo igi, àfi kí èèyàn gbé fóònù sún mọ́ ọn dáadáa kó tó lè yà á. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri ọgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Tetteh Quarshie fún wa, alágbẹ̀dẹ tó mú kòkó bọ̀ láti erékùṣù Fernando Po ní 1879, tó gbìn ín sí Mampong, tí kò jìnnà sí Aburi. Oko náà ṣì wà títí dòní, àwọn èèyàn ń sanwó wọ̀ ọ́. Wọ́n fi orúkọ ọkùnrin náà pe ilé ìwòsàn kan ní Mampong, wọ́n sì fi pe oríta ńlá kan ní Accra. Ó wá yíjú sí mi, ó bi mí pé ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ta ló mú tiyín wá?

Mo ní àwọn òyìnbó ni. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀.

Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí mo délé, mo jókòó ti ìwé, ẹni tí mo sì bá níbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tí mo ti ń rí fọ́tò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin náà ti rí i, ó dá mi lójú.

James Pinson Labulo Davies ni orúkọ rẹ̀. Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1828. Ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi, tí wọ́n sì kó lọ sí agbègbè Freetown. Ọmọ wọn lọ ilé ìwé gírámà ti CMS níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọṣẹ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń dọdẹ ọkọ̀ akẹ́rú létíkun wa. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ títu ọkọ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, Davies wà nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ wọn, ó sì fara gbọgbẹ́. Bí ọmọ àwọn tí wọ́n kó kúrò nílé ṣe kọ́kọ́ padà wálé nìyẹn o, nínú ọkọ̀ àwọn tó ń ju ọta sí ìlú. Ìtàn wa kì í fìgbà kan rọrùn.

Ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ ní 1852, ó di kápútẹ́nì ọkọ̀ ọjà, nígbà tó sì di 1856, ó fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Owó dé. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, fẹ́ dá ilé ìwé gírámà CMS sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, Davies ló mú àádọ́ta pọ́ùn sílẹ̀ kí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò. Ilé ìwé gírámà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi fọ́tò.

Ní August 1862, Davies gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Brighton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àìná ni à ń pe Sarah yìí. Òkè-Ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, ní ilẹ̀ Yewa, àdúgbò wa níbí náà. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o lẹ́rú ní 1848 nígbà tó ṣì kéré, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan gbà á lọ́wọ́ Ọba Ghezo ní 1850, ó sì mú un lọ fún Ọbabìnrin Victoria, tó wá gba ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ kanrí. Oṣù tó tẹ̀lé ìgbéyàwó wọn, àwọn méjèèjì lọ sí ilé ayàwòrán Camille Silvy ní London. Fọ́tò tí gbogbo ayé ń pín kiri nìyẹn: ìyàwó nínú gáàwùn tó fẹ̀ bí agbòòrùn, ọkọ nínú kóòtù dúdú. Àwòrán náà wà ní National Portrait Gallery ní London títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ṣé ẹ wá rí i? Ibi tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Ọkọ Àìná. Ọkùnrin inú fọ́tò. A ń wo aṣọ, a ń wo ìyàwó, a tẹ ọkàn pupa sí i, a sì kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó tóbi jù lọ tí ọkùnrin yẹn ṣe láyé, kò sí ayàwòrán kankan níbẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1870, òwò Davies dojú dé. Ó wọ gbèsè, àwọn tó jẹ lówó wọ́ ọ lọ sí kóòtù, orúkọ ńlá wá di orúkọ inú ìwé ẹjọ́. Ó ti ń súnmọ́ ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Lákòókò kan náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Lónìí, ẹni tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí á pa fóònù, á sá kúrò ládùúgbò.

Ohun tí Davies ṣe ni pé ó wá ilẹ̀. Láàárín 1879 sí 1880, ó rí irúgbìn kòkó gbà, àwọn kan láti inú ọkọ̀ tó ti Brazil bọ̀, àwọn kan láti Fernando Po, erékùṣù kan náà tí Tetteh Quarshie ti mú tiẹ̀. Ó gbìn wọ́n sí Ìjọn, lágbègbè Agége. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Sango lọ sí Agége, itòsí ibẹ̀ ló ń kọjá lójoojúmọ́ láìmọ̀. Àwọn kan ti gbìdánwò kòkó kan rí o. Ìtàn mẹ́nu ba Squiss Ibaningo ní ìhà Bonny ní 1874. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, oko Ìjọn yìí ni orísun.

Ẹ rántí pé kòkó kì í ṣe ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Nígbà yẹn, èèyàn á gbìn ín, á fi igi mìíràn ṣe ìbòòji fún un, á sì dúró tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó rí èso gidi. Onígbèsè ló gbin ohun tí kò lè san gbèsè lọ́la.

Ní August 1880, Àìná kú sí erékùṣù Madeira, níbi tó ti lọ gba atẹ́gùn nítorí àìsàn rẹ̀. Kò ju nǹkan bí ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì lọ. Madeira náà ni wọ́n sin ín sí. Ọkọ rẹ̀ kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, ó wá fi òkúta ṣe òpó ìrántí fún un, ó nà án ró. Níbo? Kì í ṣe Èkó níbi tí wọ́n ti jayé ọlá. Oko kòkó ní Ìjọn ni. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọdún 1887 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ Gómìnà Alfred Moloney, tó wá dá ọgbà ewéko sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Kew. Iṣẹ́ ọgbà náà ni láti hu irúgbìn tó lè mówó wá, kí wọ́n sì pín in fún àgbẹ̀. Ọgbà tó wúlò ni, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹ sáà ka ọdún ọ̀hún wò fúnra yín: nígbà tí wọ́n ń pààlà ọgbà, kòkó Davies ti ń so.

Láti Ìjọn, àwọn oníṣòwò Èkó mìíràn tó wá oko lọ sí Agége mú un lò. Jacob Kẹ́hìndé Coker ni olórí wọn, àwọn ló dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn ọkùnrin láti ìlú òkè ń wá ṣe lébìrà lóko wọn. Bí wọ́n bá ń padà sílé, wọ́n á mú èso lọ́wọ́, wọ́n á sì mú ìmọ̀ lọ́kàn. Bí kòkó ṣe tàn wọ igbó Ìbàdàn, Ondó, Iléṣà àti Èkìtì nìyẹn. Kì í ṣe gómìnà ló gbé e dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀, lébìrà tó ń relé ni. Owó kòkó ló wá ran ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965. Bí bàbá yín àgbà bá kàwé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kòkó ló san owó ìwé rẹ̀.

Davies kú ní April 1906, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó pẹ́ láyé débi tó fi rí i pé oko tó dá nígbà ìṣòro ti di ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń wò ṣe àwòkọ́ṣe.

Nínú gbogbo ọgbà tí mo ti dé, ohun kan tó wù mí ni páálí kékeré tí wọ́n ń gbé sí ìdí igi: orúkọ igi, ibi tó ti wá. Fọ́tò tí kò bá ní páálí yẹn, láìpẹ́ èmi tí mo yà á gan-an ò ní mọ ohun tí mo yà mọ́. Fọ́tò tí Silvy yà ní orúkọ lábẹ́, ó fi ń ta wá lọ́lá. Oko Ìjọn kò ní páálí kankan lọ́kàn wa, àwa tó jẹ́ pé Ọ̀tà là ń gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá lọ sílé nígbà ọdún, tí oko kòkó bá wà nídìí ìyá yín tàbí bàbá yín, ẹ ya igi tó dàgbà jù níbẹ̀. Ẹ wá bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó gbìn ín àti ibi tó ti gba irúgbìn rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sí abẹ́ fọ́tò. Bí ọ̀nà irúgbìn yẹn bá padà gba Agége, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Ní ti èmi, bí mo bá tún dé Aburi, mo ti mọ ohun tí mo máa dáhùn.