Stanislaw Ulam: ọkùnrin tó ti ibi káàdì mọ bí a ṣe ń ṣírò iná átọ́mù

Stanislaw Ulam ni orúkọ ẹni tí a mú ìtàn rẹ̀ wá fún yín lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lè má tíì gbọ́ orúkọ náà rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Sábẹ̀ mọ ojú irin tó gba ìlú yín kọjá lọ sí Kútọnu. Ojú irin yẹn ti ru yùréníọ̀mù rí, èyí tí wọ́n hú jáde nílẹ̀ ní Arlit, lórílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Nígbà náà, ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gbé e dé Parakou, rélùwéè á gbà á níbẹ̀ dé etíkun, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e lọ sí Faransé, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di epo ìléru átọ́mù tó ń mú iná mànàmáná wá. Kí wọ́n tó ki epo bẹ́ẹ̀ bọ inú ìléru, kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ fi ìṣirò dáná rẹ̀ wò. Ulam wà lára àwọn tó la ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń tọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní ìlú Lwów. Abẹ́ ìjọba Austria ni ìlú náà wà nígbà yẹn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ó di ti Pólándì. Lónìí Ukraine ló wà, Lviv ni wọ́n sì ń pè é. Àwa tí ààlà òyìnbó gba àárín Kétu àti Mẹ̀kọ kọjá mọ bí irú èyí ṣe ń rí. Júù ni ìdílé rẹ̀, agbẹjọ́rò ni Józef bàbá rẹ̀. Ilé kọfí kan wà ní Lwów tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti máa ń pàdé, wọ́n a máa kọ ìṣirò sórí tábìlì bí ẹni ń ta ayò. Àárín wọn ni Ulam ti gbọ́n, ó sì gboyè dókítà ní 1933.

John von Neumann, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ti di ọ̀gá nínú ìṣirò ní Amẹ́ríkà, ló pè é sí Princeton ní 1935. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ tó ń bọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1939, bàbá rẹ̀ sin òun àti Adam àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 17, dé èbúté Gdynia, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ogun Jámánì wọ Pólándì. Bàbá wọn àti arábìnrin wọn bá ìpakúpa àwọn Júù lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944 ló dé Los Alamos, ìlú ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́mù lórí òkè ní New Mexico. Ogun parí, ó lọ ń kọ́ni ní Los Angeles. Ibẹ̀ ni àìsàn ti kọlù ú ní oṣù kìíní ọdún 1946. Orí fọ́ ọ lóru kọjá àfaradà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ló wú. Dókítà ní láti gbẹ́ ihò sí agbárí rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọpọlọ ni oko rẹ̀, ọpọlọ náà ni ọkọ́ rẹ̀, ẹ ro ohun tó máa wà lọ́kàn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà bi í pé mélòó ni 13 àti 8. Ojú tì í pé ìbéèrè ọmọdé ni wọ́n ń bi òun, ó kàn mi orí. Dókítà wá bi í ní nọ́mbà tí a máa fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò fi di 20. Ulam ní ó tó bíi 4.4. Ni dókítà bá rẹ́rìn-ín, ó ní òun alára kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Paul Erdős bá a ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ulam jẹ. Ó fura pé ọ̀rẹ́ òun mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, wọ́n tún ta, ó tún jẹ. Ìgbà tó rí i pé Erdős kò mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Wọ́n ní kó sinmi, kó má ronú púpọ̀. Ló bá ń ta káàdì, irú èyí tí ènìyàn máa ń dá ta. Níbi tó ti ń tò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bí a bá po káàdì 52 pọ̀, ìgbà mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ènìyàn lè jẹ? Ó fẹ́ fi ìṣirò wá a, kò rí ojú rẹ̀, torí ọ̀nà tí káàdì 52 lè gbà tò ju ohun tí ẹ̀dá lè kà lọ. Ó wá rò ó pé ta á ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, kí o sì ka iye tí o jẹ. Ẹ̀yin oníṣòwò àgbàdo mọ èyí. Ẹni tó fẹ́ ra ọgọ́rùn-ún àpò kì í ka hóró. Á ki ọwọ́ bọ àpò mélòó kan, níwájú, lẹ́yìn, láàárín, á fi ìyẹn mọ ìyókù. Bó bá jẹ́ àpò tí ọlọ́jà nawọ́ sí nìkan ló wò, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn.

Nínú ìléru átọ́mù, hóró tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní niútírọ́nì, ló ń ṣe iṣẹ́. Bó bá kọlu átọ́mù yùréníọ̀mù, ó lè là á sí méjì, kí ooru jáde, kí niútírọ́nì tuntun méjì tàbí mẹ́ta sì fò jáde. Ó sì lè ta padà, tàbí kí nǹkan gbé e mì, tàbí kó bọ́ síta. Bí 1,000 bá bí 1,000 mìíràn, iná dúró déédéé. Bí wọ́n bá bí 900, iná ń kú lọ. Bí wọ́n bá ń pọ̀ sí i tí kò sí ohun tó dá wọn dúró, ewu dé. Èrò Ulam ni pé kí a máa tẹ̀lé niútírọ́nì kọ̀ọ̀kan lórí ìwé, kí a máa ṣẹ́ kèké fún un ní gbogbo oríta, kí a kọ ibi tó já sí sílẹ̀, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ dín àṣìṣe rẹ̀ kù sí ìdajì, ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́ la máa ṣe. Ọwọ́ ènìyàn kò ká a.

Inú ọkọ̀ ìjọba, lójú ọ̀nà láti Los Alamos lọ sí ibùdó rélùwéè Lamy, ni òun àti von Neumann ti jọ sọ ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Ní 1948, ẹ̀rọ ENIAC, kọ̀ǹpútà tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 30, ṣe iṣẹ́ náà. Klára, ìyàwó von Neumann, wà lára àwọn tó kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà tẹ̀lé; wọ́n máa ń fo orúkọ rẹ̀, a kò ní fò ó níbí. Nicholas Metropolis ló sọ ọ̀nà náà ní Monte Carlo, ìlú tẹ́tẹ́ ní Monaco, nítorí mọ̀lẹ́bí Ulam kan tó máa ń yá owó lọ́wọ́ ará ilé láti lọ ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀.

Bọ́ǹbù ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Ulam àti Edward Teller náà ló gbé ìlànà bọ́ǹbù háídírójìn kalẹ̀ ní 1951. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1952, erékùṣù Elugelab ní òkun Pàsífíìkì pòórá. Ọkùnrin tí ogun pa bàbá rẹ̀ ló lọ́wọ́ sí èyí. A kò ní bò ó mọ́lẹ̀.

Lónìí, ètò kọ̀ǹpútà MCNP ti Los Alamos, tí M àti C orúkọ rẹ̀ ti inú Monte Carlo wá, ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Epo ìléru máa ń lo ọdún mélòó kan nínú iná, bó sì ti ń jó ló ń yí padà. Apá kan yùréníọ̀mù á di plutonium. Kọ̀ǹpútà á ṣírò iye tó kù, ooru tí yóò ṣì wà lára èyí tí wọ́n kó jáde, àti bí ògiri tí wọ́n fi sé e mọ́ ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Irin náà ńkọ́? Niútírọ́nì ń gbá átọ́mù inú irin kúrò ní àyè wọn lọ́dọọdún, títí irin líle á fi di ohun tó lè sán bí ìkòkò amọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìkòkò irin ńlá tí epo wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń pààrọ̀ bí táyà. Bí ìṣirò bá ṣìnà, ará abúlé tó wà nítòsí ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ọdún 1984, tí iléeṣẹ́ iná Koeberg nítòsí Cape Town bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni Ulam kú ní Santa Fe, lọ́jọ́ 13 oṣù karùn-ún, ní ẹni ọdún 75. Ìwé àti lẹ́tà tó fi sílẹ̀ wà ní American Philosophical Society, ní Philadelphia.