Àyìndé Bákàrè, ẹni tó fi ẹ̀rọ sí gìtá jùjú

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń jó sí orin jùjú lónìí ni kò mọ olóògbé Àyìndé Bákàrè. Èkó ló ti ṣeré, ọdún 1937 ló sì ti ń gbé àwo jáde lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ HMV. Gìtá kékeré olójú awọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní banjo, ló ń ta nígbà náà.

Lẹ́yìn ogun Hítílà ni gángan wọ inú jùjú. Bí gángan bá ti ń ké lóde àríyá, ta ni yóò tún gbọ́ gìtá? Lọ́dún 1949, Bákàrè wá gbohùngbohùn kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara gìtá, tó ń gbé ohùn igi rẹ̀ sókè ketekete. Ṣùgbọ́n banjo rẹ̀ kò ní ibi tí ẹ̀rọ náà lè jókòó sí. Ló bá pa á tì, ó gbé gìtá oníkùn.

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ eléré tí kì í ju ẹni mẹ́ta, mẹ́rin lọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, ìlù kò sì bo gìtá mọ́lẹ̀ mọ́. Ojú ọ̀nà yìí ni I.K. Dairo, Ebenezer Obey àti Sunny Adé tọ̀. Ọdún 1972 ni Bákàrè jáde láyé.