William Sims, ọ̀gágun tí ó tún ìjà ojú òkun Amẹ́ríkà ṣe

Ní ọdún 1898, nígbà tí Amẹ́ríkà bá Sípéènì jagun, àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ṣẹ́gun ní etí òkun Santiago ní Kúbà, inú gbogbo ìlú sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣírò ọta tí wọ́n yìn ní ọjọ́ náà, ó tó 9,500, èyí tí ó sì ba ọkọ̀ ọ̀tá kò ju 121 lọ. Ìṣẹ́gun ti bo àléébù mọ́lẹ̀. William Sowden Sims wà lára àwọn tí kò gbà kí àléébù náà wà ní bíbò.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1858 ni a bí i ní Port Hope ní Kánádà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá rẹ̀. Ìdílé náà kó lọ sí Pennsylvania, láti ibẹ̀ ni ó sì ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi ní Annapolis, tí ó jáde ní 1880. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó gba ìsinmi ọdún kan láti lọ kọ́ èdè Faransé ní Paris. Èdè yìí ṣe é láǹfààní, nítorí pé ní 1897 ni a rán an padà sí ìlú náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń kan ọkọ̀ ogun àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé ọkọ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ń yangàn kò pé tó bí wọ́n ti rò.

Nígbà tí a gbé e lọ sí òkun Ṣáínà, ó pàdé ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Percy Scott. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ń yin àgbá yóò gbé ẹnu àgbá sí ibì kan, yóò sì dúró títí ìgbì yóò fi gbé ọkọ̀ débi tí ojú rẹ̀ yóò ti bá ọ̀tá mu, kí ó tó yìn ín. Kí ọta tó jáde, ọkọ̀ ti fì kọjá. Ní 1898, Scott ṣàkíyèsí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró de ìgbì: ó ń yí ẹnu àgbá sókè sódò bí ọkọ̀ ti ń mì, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ohun tí ó ń ta. Scott tún ẹ̀rọ tí ń gbé àgbá ṣe kí ó lè rọrùn láti yí, ó sì kọ́ gbogbo àwọn yòókù ní ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń dá ṣe.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Sims kọ́ ọgbọ́n náà, ó dán an wò nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì fi ìròyìn 13 ránṣẹ́ sí Washington láàrin ọdún méjì. Ní àkọ́kọ́, wọn kò dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kò sí ohun tí ó ṣe àgbá Amẹ́ríkà. Wọ́n tilẹ̀ gbé àgbá kan kalẹ̀ sórí ilẹ̀ láti dán ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì kéde pé agbára ènìyàn kò ká a. Wọ́n gbàgbé pé ilẹ̀ kì í mì. Lójú òkun, bí ọkọ̀ ti ń fì, ìwúwo àgbá fúnra rẹ̀ ń fẹ́ dúró sí ipò tí ó wà, ó sì ń ran ẹni tí ń yí i lọ́wọ́. Lórí ilẹ̀, ènìyàn nìkan ni yóò gbé gbogbo ìwúwo náà.

Ní ìparí 1901, Sims fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu: ó fo gbogbo àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọjá, ó kọ̀wé sí Ààrẹ Theodore Roosevelt. Ààrẹ kò bínú. Ní 1902, a pè é wálé láti wá bójú tó ìdánrawò àgbá yíyìn. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1899, ọkọ̀ ogun márùn-ún ti yin ọ̀gbólógbòó ọkọ̀ kan fún ìṣẹ́jú 25, ọta méjì péré ni ó sì bà á. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo yin ọta 15 ba àmì ní ìṣẹ́jú kan, láti ibi tí ó jìnnà tó ti àkọ́kọ́.

Láti 1913, Sims di olórí àwọn ọkọ̀ ogun kéékèèké ayára ní òkun Àtìláńtíìkì. Kò dá òfin ìjà ṣe fún wọn. Ó ń pe àwọn ọ̀gá ọkọ̀ jọ, kékeré àti àgbà ń sọ ti inú wọn, wọ́n ń jiyàn títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, wọ́n sì ń lọ dán an wò lójú omi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn ti ní òye kan náà, àṣẹ kúkúrú ti tó láti darí wọn níbi tí à bá ti kọ ìwé gígùn.

Ọgbọ́n yìí wúlò ní 1917. Nígbà tí Sims dé London ní oṣù Kẹrin, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ti fẹ́ fi ebi pa Gẹ̀ẹ́sì: ní oṣù kan náà, ọkọ̀ tí ó lé ní 800,000 tọ́ọ̀nù ni ó rì. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì gbà pé àwọn ọkọ̀ ọlọ́jà kò lè rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ogun tí ń ṣọ́ wọn. Sims dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ní kí a dán an wò, ó sì rọ Washington láti fi ọkọ̀ ayára ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, mẹ́fà àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Queenstown ní Ireland. Bí ìrìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ ti gbilẹ̀, iye ọkọ̀ tí ń rì dínkù, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì la òkun kọjá dé Yúróòpù.

Lẹ́yìn ogun, Sims kọ àmì ẹ̀yẹ tí ìjọba fún un, nítorí pé lójú rẹ̀, a kò pín in bí ó ti tọ́. Ní 1920, ó fẹ̀sùn kan iléeṣẹ́ ológun ojú omi pé kò múra ogun sílẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ náà sì di ìwádìí ní ilé aṣòfin. Èyí dá ọ̀tá sílẹ̀ fún un. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun ojú omi ní Newport, tí ó darí títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1922, ó ń fi eré ogun kọ́ àwọn ọ̀gágun, níbi tí àṣìṣe kò ti ní pa ẹnikẹ́ni. Òun tí ó ti jà fún àgbá ńlá ní ìgbà èwe rẹ̀ wá ń sọ pé ọkọ̀ tí ń gbé ọkọ̀ òfuurufú ni yóò borí àwọn ọkọ̀ alágbàá ńlá.

Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1936. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ogun dé sí òkun Pàsífíìkì, ọkọ̀ tí ń gbé ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì di olórí ìjà níbẹ̀.